Ta Ló Ni Ọmọ? Ohun Tí Kóòtù Ń Wò Nígbà Tí Ìyá àti Bàbá Bá Pínyà

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọkùnrin kan wọlé sí ọ́fíìsì lọ́yà tí mo ń bá ṣe akọ̀wé, aṣọ rẹ̀ ti rún, ojú rẹ̀ pọ́n. Àgọ́ ọlọ́pàá ló ti ń bọ̀. Ohun tó ṣe kò ju pé ó lọ sí iléèwé ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, lásìkò tí wọ́n ń jáde, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní ìlú mìíràn láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ọmọ wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí ọkùnrin náà ń tún sọ fún wa ni pé, "Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, ọmọ mi ni. Ṣé èèyàn ń jí ọmọ ara rẹ̀ gbé ni?"

Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ pé bàbá ló lọmọ. Orúkọ bàbá ni ọmọ ń jẹ́, oríkì ilé bàbá ni wọ́n fi ń kì í, ogún ilé bàbá ló sì ń retí. Bí ọmọ bá dára, wọ́n á ní ti bàbá ni. Bí kò bá dára, ó di ti ìyá. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún bàbá pé kò lè ṣàdédé gbé ọmọ tó bí, lójú rẹ̀ ńṣe ni wọ́n fẹ́ yọ ọmọ náà kúrò nínú ìdílé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà tí mo ti rí ní kóòtù, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ló ni", la fi ń pe ohun mẹ́rin tí òfin ti yà kúrò lára ara wọn.

Ìran ọmọ dá dúró: ta ni bàbá rẹ̀, ilé wo ló ti wá. Pípín tí ìyá àti bàbá pínyà kò kan èyí rárá. Ọmọ lè gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí yóò fi gboyè jáde ní yunifásítì, ọmọ bàbá rẹ̀ náà ni. Ìtọ́jú tún dá dúró: ilé ta ni ọmọ ń sùn, ta ló ń wẹ̀ fún un, ta ló ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá pẹ̀lú rẹ̀. Èyí ni kóòtù ń pín nígbà tí ilé bá tú. Ẹ̀kẹta ni ohùn nínú ọ̀rọ̀ ọmọ: ta ló lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kí ó kọjá sí òkè òkun, kí ó pààrọ̀ iléèwé. Ẹni tí ọmọ kò gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lè ṣì ní ohùn yìí. Ẹ̀kẹrin ni owó, mi ò sì tíì rí ìdájọ́ tó sọ fún òbí tó lágbára pé kó lọ sinmi, ti owó kò kàn án mọ́.

Kí lọ́yà tó dá ọkùnrin yìí lóhùn, ó bi í pé irú ìgbéyàwó wo ni wọ́n ṣe. Òun rò pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló ń sọ kóòtù tí ẹjọ́ yóò lọ. Bí ẹ bá fọwọ́ síwèé ní Ìkòyí, tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1970 lórí ẹjọ́ tọkọtaya ló dè yín, ilé-ẹjọ́ gíga ló sì lè tú u. Pé ẹ ti kọ́kọ́ ṣe ìdána, tí ẹ gbé iṣu, oyin àti orógbó kalẹ̀, kò yí i padà. Mo ti rí tọkọtaya tí wọ́n gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, tí wọ́n sì rò pé ó parí, nígbà tí ìwé ìgbéyàwó ìjọba ṣì wà nínú àpótí wọn tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ìdána nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ni ẹ ó lọ, irú èyí tó wà ní Mápó n'Ìbàdàn tí ẹjọ́ tọkọtaya ibẹ̀ kì í wọ́n nínú ìwé ìròyìn. Bí ó bá jẹ́ yìgì ni wọ́n so, ní ibi bíi Ìlọrin, kóòtù tó ń fi òfin Mùsùlùmí dájọ́ wà níbẹ̀.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ yìgì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó máa ń dùn mí. Àwọn ọkùnrin Mùsùlùmí kan máa ń wí pé ẹ̀sìn ló gbé ọmọ lé àwọn lọ́wọ́ ní kété tí ìyàwó bá ti kó jáde. Nínú ìlànà Màlíkì, ìyẹn ọ̀nà ìtumọ̀ òfin Mùsùlùmí tí wọ́n ń tẹ̀ lé nílẹ̀ wa, ìyá ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú: ọmọkùnrin títí yóò fi bàlágà, ọmọbìnrin títí yóò fi relé ọkọ. Bí ìyá bá lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ẹ̀tọ́ náà lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tó bí ìyá ọmọ náà ló sábà máa ń kàn, kì í ṣe bàbá ọmọ. Bàbá ló sì ń gbọ́ bùkátà ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó bi àfáà tó mọ̀wé dójú àmì.

Kóòtù yòówù kí ẹjọ́ lọ, ọ̀nà wọn pàdé síbì kan. Ìpín 71 nínú òfin 1970 ní kí adájọ́ fi ire ọmọ ṣáájú ohun gbogbo. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 fi ọ̀rọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ ní ìpín rẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ló sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Ti Èkó jáde ní 2007. Ẹnì kan lè rò pé kóòtù ìbílẹ̀ yàtọ̀, torí pé àṣà ni wọ́n fi ń dájọ́ níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti yanjú ìyẹn ní 1989 nínú ẹjọ́ Okwueze. Wọ́n gbà pé nínú àṣà ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Nàìjíríà, bàbá ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú ọmọ. Wọ́n wá fi kún un pé kóòtù kò ní í fi ẹ̀tọ́ yẹn lé e lọ́wọ́ bí yóò bá pa ọmọ lára. Àṣà ò kú. Wọ́n kàn gbé ọmọ síwájú rẹ̀ ni.

Kí wá ni ire ọmọ? Níbí ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n á kó fọ́tò ilé alájà méjì wá, wọ́n á kó rìsíìtì ẹ̀rọ amúlétutù àti tẹlifíṣọ̀n wá, wọ́n á ní ẹ wo yàrá tí mo ṣe fún ọmọ. Ní 1992, nínú ẹjọ́ Odogu, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dárúkọ irú nǹkan wọ̀nyí gan-an, aṣọ tó dára, oúnjẹ, ẹ̀rọ amúlétutù, tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì sọ pé kì í ṣe òun ni ire ọmọ. Ayọ̀ ọmọ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń dàgbà ló jù. Wọ́n tún sọ pé ó ń ṣe ọmọ níjàǹbá bí wọ́n bá fi ìtọ́jú ìyá dù ú nígbà tí ìtọ́jú náà wà nílẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ kékeré, pàápàá ọmọ ẹnu ọmú, ọ̀dọ̀ ìyá ni adájọ́ sábà máa ń fi í sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin tí wọ́n fi òkúta gbẹ́. Ìyá tó ń lu ọmọ ní ìlùkulù, tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lọ sóde òru, tàbí tó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ dáadáa, ó lè pàdánù rẹ̀. Ohun tí mo máa ń rí àwọn adájọ́ tí wọ́n ń béèrè rọrùn ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ta ló wà nílé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́? Ta lọmọ ń pè bí ibà bá mú un lóru? Ṣé yóò fi iléèwé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀? Ṣé wọn ò ní í ya tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nípá? Wọ́n lè ní kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lọ wo ilé méjèèjì kó sì kọ ohun tó rí wá. Bí ọmọ bá ti gbọ́n, adájọ́ lè pè é sínú yàrá tirẹ̀, láìsí ìyá láìsí bàbá, kó bi í bó ṣe ń ṣe é. Kò di dandan kó ṣe ohun tí ọmọ wí, ṣùgbọ́n yóò gbọ́ ọ.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn ọkọ lẹ́nu gan-an. Pé ìyàwó ṣe àṣìṣe nínú ìgbéyàwó, pé ó ṣàgbèrè pàápàá, kì í ṣe ìdí tó dá dúró láti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtọ́jú ọmọ kì í ṣe ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó jàre, kì í sì í ṣe pàṣán tí wọ́n fi ń na ẹni tó jẹ̀bi. Bí ìwà náà kò bá ti kan ọmọ, adájọ́ lè máà kà á sí. Mo fara mọ́ èyí tọkàntọkàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dalẹ̀ ẹnì kejì. Ìyá rẹ̀ ló mọ̀, bàbá rẹ̀ ló mọ̀.

Adájọ́ lè fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí ẹlòmíràn bí òbí méjèèjì kò bá yẹ. Ó sì tún máa ń sọ ìgbà tí ẹni tí ọmọ kò gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò máa rí i: òpin ọ̀sẹ̀, ìdajì ọlidé, orí fóònù. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ìgbéyàwó kóòtù gan-an kì í parí bí adájọ́ kò bá tíì rí i pé ètò tó dára wà fún àwọn ọmọ tí wọn ò tíì pé ọdún 16. Gbogbo àṣẹ wọ̀nyí ló ṣe é padà sí. Bí ìyá tó ń tọ́jú ọmọ bá dùbúlẹ̀ àìsàn, tàbí bàbá tó ti ń mutí bá jáwọ́, wọ́n lè padà lọ bá adájọ́.

Ní báyìí, àwọn tí kò ṣe ìgbéyàwó kankan. Nínú òfin 2003, bí bàbá àti ìyá kò bá jọ ṣe ìgbéyàwó nígbà tí wọ́n bí ọmọ, ọwọ́ ìyá ni gbogbo ẹ̀tọ́ àti ojúṣe òbí wà. Bàbá lè ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bá ìyá ṣe àdéhùn bó ṣe yẹ tàbí kó lọ tọrọ rẹ̀ ní kóòtù. Ọ̀pọ̀ bàbá ló máa ń fò sókè níbí: "Èmi ni mo ṣe ìkómọ! Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ!" Òótọ́ ni, ó sì ní ibi tí agbára rẹ̀ wà. Nínú àṣà wa, bàbá tó bá ti jẹ́wọ́ ọmọ, ọmọ náà di ti ilé, kò sí ẹni tó lè fi ogún dù ú. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ìpín 42, sì kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n fi ọ̀nà tí wọ́n gbà bí ẹnikẹ́ni yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ìran nìyẹn. Ohùn nínú ọ̀rọ̀ ọmọ ṣì ń béèrè ìwé. Bàbá tó bá ń ka èyí, tó ń ná owó lórí ọmọ tí kò sí ìgbéyàwó láàárín òun àti ìyá rẹ̀, kó tètè lọ ṣe ìwé náà nígbà tí àárín wọn ṣì dán.

Owó orí gan-an kò ra ọmọ, ó sì ti pẹ́ tí kóòtù ti sọ ọ́. Ní 1932, ní Kàlàbá, ọkùnrin kan pe ẹjọ́ pé òun ti san owó orí lórí obìnrin kan láti kékeré rẹ̀. Obìnrin náà ti bá ẹlòmíràn lọ, ó ti bímọ méjì fún un. Ẹni àkọ́kọ́ ní àṣà sọ pé òun ló ni àwọn ọmọ náà níwọ̀n ìgbà tí wọn ò tíì dá owó òun padà. Adájọ́ kọ̀, ó ní irú àṣà bẹ́ẹ̀ tako ẹ̀rí ọkàn àti òdodo. Edet àti Essien lorúkọ ẹjọ́ yẹn, àwọn lọ́yà ṣì ń pè é títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ìyọ̀ǹda, torí òun ni èèyàn máa ń pàdé láìtẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba páàsípọ́ọ̀tù fún ọmọdé, lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ìyá tó ti dá tọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́jọ lè dé orí káúńtà kí wọ́n ní kó lọ mú lẹ́tà bàbá wá, bàbá tí kò mọ ibi tó wà. Mo mọ bó ṣe ń ta èèyàn lára. Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe ká wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí i lórúkọ bàbá. Ayédèrú nìyẹn, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni. Kóòtù ni kó lọ, kó gba àṣẹ ìtọ́jú ọmọ, kó sì bẹ adájọ́ kó kọ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò sínú rẹ̀ gbangba. Ní Èkó, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba tó wà fún ará ìlú, tí wọ́n ń pè ní OPD, máa ń gba irú ẹjọ́ báyìí lọ́fẹ̀ẹ́. Àjọ àwọn lọ́yà obìnrin, FIDA, náà máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ti ìgbéyàwó: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé kò gbà kó ṣe ìgbéyàwó, ìyọ̀ǹda bàbá tàbí ti ìyá kò sì lè sọ ọ́ di ohun tó tọ́. Láti 18 títí di kó tó pé 21, bí yóò bá ṣe ìgbéyàwó ìjọba, bàbá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí bàbá bá ti kú, tàbí orí rẹ̀ kò pé, tàbí kò sí ní Nàìjíríà, ó di ti ìyá.

Ti ilé ìwòsàn ló lágbára jù. Ní 1997, ní Èkó, ìkókó kan tí kò tíì pé oṣù kan ṣàìsàn líle, dókítà ní àfi kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ìyá rẹ̀, Ẹlẹ́rìí Jèhófà, kọ̀ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Wọ́n lọ gba àṣẹ ní kóòtù májísírétì, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà, ọmọ yè. Ìyá àti ọmọ pe ẹjọ́, ó sì gòkè títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, tó dájọ́ ní 2019: àgbàlagbà lè kọ ìtọ́jú fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òbí kò lè fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ kọ ohun tí yóò gba ẹ̀mí ọmọ là. Esabunor lorúkọ ẹjọ́ náà. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè kan náà ló tún yọjú? Wọn kò bi ìyá bóyá òun ló bí i. Wọ́n wo ohun tí yóò mú kí ọmọ wà láàyè.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè rẹ̀, tiyín tún yàtọ̀ díẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélìsì, bàbá tí kò fẹ́ ìyá ọmọ níṣu-lọ́kà ní ẹ̀tọ́ òbí bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ìbí ọmọ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 2003. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ wá sílé fún ọlidé gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ yìí. Bí kóòtù ibẹ̀ bá ti pàṣẹ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni ọmọ ń gbé, o lè gbé e jáde fún ọjọ́ 28 láì gba ìyọ̀ǹda, àyàfi bí kóòtù bá ní má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí èyí tí kò sí tọ̀hún, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni láti mú ọmọ tí kò tíì pé 16 kúrò, àní bí ìwọ lo bí i. Nàìjíríà kò sì sí nínú àdéhùn àgbáyé ti 1980 tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dá ọmọ tí òbí kan gbé sá padà síbi tó ti wá. Òbí tó kù sẹ́yìn ní láti wá pe ẹjọ́ tuntun níbí, kí adájọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ire ọmọ láti ìpìlẹ̀. Mo ti rí ìyá kan tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ-bọ̀ nítorí irú ẹjọ́ yìí. Ọmọ rẹ̀ ti ń gbàgbé ohùn rẹ̀.

Owó ni mo fẹ́ fi kádìí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọmọ gbẹ̀san jù. Bàbá á ní, wọn ò jẹ́ kí n rí ọmọ, mi ò ní í san owó oúnjẹ. Ìyá á ní, kò san owó oúnjẹ, kò ní í fojú kan ọmọ. Àwọn méjèèjì jẹ̀bi. Owó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ, rírí òbí jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ, kò sí èyí tí wọ́n lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ èkejì. Ẹni tí wọn kò sanwó fún, kó lọ sọ fún kóòtù. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó rí ọmọ, kóòtù náà ni kó lọ, nítorí ẹni tó bá tàpá sí àṣẹ kóòtù lè sùn sẹ́wọ̀n. Kì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá kì í pín ọmọ, ìwé tí wọ́n bá sì ní kí ẹ fọwọ́ sí níbẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́.

Ọkùnrin ọjọ́ Ẹtì yẹn, ìgbéyàwó Ìkòyí ni wọ́n ṣe, kò sì tíì sí àṣẹ kóòtù kankan nígbà náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọlọ́pàá tú u sílẹ̀. Lọ́yà sọ fún un pé bí àṣẹ bá ti wà ni, ó lè má délé, torí òfin 2003 ka gbígbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ, láìjẹ́ pé ẹni náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, sí ọ̀ràn, ìjìyà rẹ̀ sì ń wúwo sí i bí wọ́n bá gbé ọmọ kọjá ìpínlẹ̀. Ó dá ọmọ padà lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́yà gbé ìwé lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga, adájọ́ sì fún wọn ní àṣẹ onígbà díẹ̀: ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ yóò máa gbé, bàbá yóò máa mú un ní ọjọ́ Ẹtì méjì nínú oṣù, yóò sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú kí aago mẹ́fà tó lù. Ó gba ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ mi, ó ká a sínú àpò àyà rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ tó kàn án, ó dúró lẹ́nu géètì wa, ó ń pe ìyá ọmọ lórí fóònù kó tó kọjá síléèwé. Mo gbọ́ tó ń bi í pé, ṣé ọmọ náà ṣì ń wúkọ́, ṣé kí òun gba oògùn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí àwọn tó lọ.